Obudu: Orí òkè tí màlúù sọ di ìlú mọ̀ọ́ká

Obudu Cattle Ranch wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Obanliku, ìpínlẹ̀ Cross River, nítòsí ẹnubodè Kamẹrúùnù. Àwọn ará Becheve ló ni ilẹ̀ náà. Iṣẹ́ oko ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé.

Lọ́dún 1951 ni àwọn òyìnbó ará Scotland dá ibùdó màlúù sílẹ̀. Òkè ọ̀hún ga tó nǹkan bí 1,576 mítà, òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí eṣinṣin tsetse tó ń pa màlúù ráyè.

Láyé Gómìnà Donald Duke (1999 sí 2007) ni wọ́n ṣe ọkọ̀ orí wáyà, gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 4, ni èrò bá ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbafẹ́. Àmọ́ koríko àti omi kan náà ni àgbẹ̀, màlúù àti àlejò ṣì jọ ń lò. Bí màlúù bá jẹ koríko kan ilẹ̀, àgbàrá á gbé ilẹ̀ lọ.