Omi Inú Rédíétọ̀: Nígbà Tí Omi Kò Dànù, Tí Agbè Fọ́

Ọ̀rọ̀ omi inú rédíétọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Ẹlòmíì á ní, "Ṣé omi náà tún ní ìtàn ni?" Ó ní in. Ẹ fara balẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz, ìyàwó Karl Benz, wa mọ́tò ọkọ rẹ̀ láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní Jámánì, òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì. Ọ̀nà náà lé ní 100 kìlómítà. Omi ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn máa ń hó gbẹ ni, wọ́n sì ń dúró lójú ọ̀nà láti bu òmíì sí i. Omi tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń lò.

Irú àṣà yẹn la bá lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ nílé: kẹ́ẹ̀gì omi kan nínú búùtù, ó parí. Ní Èkó, omi kì í dì nínú ọkọ̀. Bó bá gbóná jù tó hó dànù, wọ́n á bu òmíì. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.

Ní London, òwe yẹn yí padà. Bí omi bá di yìnyín, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Irin ẹ́ńjìnnì kò lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa sán. Omi kò dànù, agbè ló fọ́!

Àwọn onímọ́tò àtijọ́ máa ń tú omi wọn dà nù lálẹ́ bí òtútù bá dé. Àwọn mìíràn ń po spírítì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ooru ẹ́ńjìnnì máa ń lé spírítì lọ. Charles-Adolphe Wurtz, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣe glycol ní 1856, kí mọ́tò Benz tó dé rárá. Ó di 1927 kí Union Carbide tó máa tà á fún onímọ́tò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n pè é ní Prestone. Nígbà òtútù ńlá ọdún 1962 sí 1963, tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Kérésì tó sì wọ oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wá kàwé ti wà ní London. Ìgbà bẹ́ẹ̀ lèèyàn ń mọ̀ bóyá omi lásán ló wà nínú mọ́tò òun.

Antifreeze nìkan kọ́ o. Omi tí ẹ ó pò mọ́ ọn ńkọ́? Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín. Nǹkan funfun yẹn, ẹfun ni. Odò Thames àti Lea la ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú omi London, inú òkúta ẹfun ni omi wọn sì ń gbà kọjá. Bó bá ti gbóná, ẹfun á lẹ̀ mọ́ irin. Àwọn ìyá wa mọ èyí: wọ́n mọ kànga tí ọṣẹ kì í hó nínú omi rẹ̀, wọ́n sì ń gba omi òjò pamọ́ fún aṣọ fífọ̀.

Nítorí náà, ẹ ra omi tí wọ́n kọ "deionised" sára ike rẹ̀, ẹ pò ó ní ìdajì-ìdajì mọ́ antifreeze tí ìwé mọ́tò yín bá dárúkọ. Ìyẹn kò ní dì títí dé nǹkan bí −37°C. Ẹ má ní kẹ́ ẹ fi antifreeze nìkan kún un o: òun nìkan lè dì ní nǹkan bí −13°C. Bí ọkọ̀ bá gbóná lójú Old Kent Road, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó ṣí i. Omi ẹ̀rọ lè gbé yín délé, ṣùgbọ́n ẹ tún un ṣe kíákíá.

Antifreeze dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ẹ má ṣe dà á sínú ike mínírà láéláé, nítorí ọmọdé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ kìlọ̀ fún mẹkáníìkì kó má tú u dà nù kó wá rọ omi kànga sí i. Yìnyín kò sí nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpẹtà wà, oògùn tó ń dènà rẹ̀ sì wà nínú ohun tó fẹ́ dà nù yẹn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí agbè wa fọ́ o. Ó dìgbà kan ná.