Ẹsẹ̀ áísì: kékeré ló kọ́kọ́ dé

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ní Sátidé, níbí ní Austell, mo ṣí áísì tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. ATmega328P ni mo fẹ́, òun náà ni mo gbà. Mo yí i padà: kò lẹ́sẹ̀! Ojú ibi tó yẹ kí n jó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ò ju mílímítà 5 lọ. Àṣìṣe tèmi ni. Iye owó ni mo wò, mi ò wo lẹ́tà tó kẹ́yìn orúkọ rẹ̀: PU ni DIP ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, AU ni TQFP ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́, MU ni QFN tí kò lẹ́sẹ̀. MU ni mo rà.

Ṣé ẹ rí i, áísì dà bí ẹ̀pà. Kóró inú wọn kan náà ni. Èèpo ló yàtọ̀. Èèpo yẹn ló sì ń pinnu ẹni tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ jó o.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ńlá ló kọ́kọ́ wà, kí ayé tó sọ ọ́ di kékeré. Rárá o. Ní 1962, Texas Instruments ti ṣe flat-pack, èèpo pẹlẹbẹ tí àlàfo ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.27. Irú rẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà tó darí Apollo 11 dé òṣùpá ní 1969. Lẹ́yìn rẹ̀, ní nǹkan bí 1964, ni Fairchild gbé DIP jáde: ìlà ẹsẹ̀ méjì, mílímítà 2.54 láàárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì, tó ń wọnú ihò. Kì í ṣe tìtorí èmi àtìyín o! Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń rò. Àwa kàn bá wọn jẹ níbẹ̀ ni. Intel 4004 ní 1971, 8051 ní 1980, PIC16C84 ní 1993, gbogbo wọn ló wà nínú DIP.

Nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wá mọ bí wọ́n ṣe ń jó èyí tó kéré, wọ́n fi DIP sílẹ̀. Arduino Uno jáde ní 2010 pẹ̀lú áísì DIP nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì: tó bá jóná, o yọ ọ́, o fi òmíràn sí i. Kò pẹ́ tí DIP wọ́n lọ́jà, ni wọ́n bá ṣe Uno SMD. Kóró kan náà, iṣẹ́ kan náà. Àmọ́ tó bá jóná, ẹni tí kò ní ju irin sódà kan lọ á gbé gbogbo pánẹ́ẹ̀lì sọnù.

Ilé wa ńkọ́? Nígbà tí GSM dé ní August 2001, áísì inú fóònù ò fi ẹsẹ̀ gígùn bẹ ẹnikẹ́ni wò. Àwọn ọmọ Computer Village ní Ikeja ò torí ìyẹn káwọ́ gbera. Wọ́n ra blower, wọ́n fi wáyà tín-ín-rín ṣe jumper, ọ̀gá kọ́ ọmọṣẹ́. Nítorí náà, irọ́ ni pé ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ ti pa iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ohun èèlò sì wà. Ẹni tó dá nìkan wà nínú yàrá rẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ fi DIP inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ṣẹ́. Tọ́wọ́ bá mọ́ ọn, ẹ lọ sí SOIC, tí àlàfo ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.27, bíi ti flat-pack àtijọ́ gan-an. Lẹ́yìn náà, TQFP, 0.8, pẹ̀lú flux àti sùúrù. Ní ti QFN àti BGA, ẹ rà á tòun ti pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ wo Raspberry Pi Pico ti 2021: áísì rẹ̀ jẹ́ QFN, 0.4 péré, ṣùgbọ́n ihò etí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti padà sí 2.54. DIP ń kógbá sílé, ìwọ̀n rẹ̀ ò kú.

Mo ti ra PU báyìí. MU yẹn á dúró de ọjọ́ tí mo bá ra blower. Ta ló ṣì ní DIP nínú àpótí nílé? Ẹ má dà á nù o!