Obìnrin Kan Ṣoṣo ní Yaba



Ní Catford níbí, lẹ́yìn tí a ṣe ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun tán, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa bi mí ní ìbéèrè tí n kò rí èsì sí lójú ẹsẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nìkan ni obìnrin tó kù ní kíláàsì físíìsì wọn. Ó ní, "Bàbá, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń sọ fún wa pé láìsí Ọ̀ṣun iṣẹ́ ayé ò lè gún. Kí ló wá dé tí ọmọ mi fi dá wà láàárín ọkùnrin?"

Ẹ mọ bí àwọn irúnmọlẹ̀ ṣe fojú di Ọ̀ṣun tí iṣẹ́ wọn fi dojú rú. N kò ní tún un sọ. Ìtàn ilé ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́dún 1909 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá King's College sílẹ̀ fún ọmọkùnrin ní Èkó. Queen's College ti àwọn ọmọbìnrin kò dé àfi 1927. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́dún tí King's ṣí ti tó lọ sílé ọkọ kí Queen's tó ṣí!

Queen's College ni Adetowun Ogunsheye ti kàwé. Lọ́dún 1946 ó wọ Yaba Higher College. Òun nìkan ni obìnrin láàárín gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ó jáde lọ́dún 1948, ó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó lọ, sí Newnham, kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin ní Cambridge. Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Newnham ti wà láti 1871. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣe ìdánwò tí ọkùnrin ń ṣe, wọ́n sì ń yege, ṣùgbọ́n Cambridge kò gbà láti fún wọn ní oyè tó pé. Nígbà tí wọ́n dìbò lé e lórí lọ́dún 1897, àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin so ère obìnrin tó gun kẹ̀kẹ́ kọ́ sókè lójú pópó, wọ́n ń pariwo. Ìbò náà sì já sí òfo. Ọdún 1948 ni oyè ọ̀hún tó tó wọn lọ́wọ́. Ogunsheye gba tirẹ̀ nínú jọ́gíráfì lọ́dún 1952, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè níbẹ̀. Àwọn tó máa ń sọ pé àṣà wa nìkan ló dí obìnrin lọ́nà, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè: àṣà ta ni ti Cambridge?

Ìbàdàn sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dún 1973, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ti físíìsì, ó di 1980 kí Deborah Ajakaiye tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, òun náà sì ni obìnrin àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yẹn ní Áfíríkà. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962, kò ní gíwá obìnrin àfi 2022, nígbà tó kan Folasade Ogunsola, onímọ̀ kòkòrò àrùn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Mo ti dé ilé awo tí wọ́n ti ń lé ọmọbìnrin lọ sídìí ìkòkò ọbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó ti ọpọ́n. Òótọ́ ni pé obìnrin kì í fojú kan Odù. Ìyẹn ò ní kó má kọ́ ẹsẹ Ifá. Ta ló kọ́ àwọn ìyánífá wa?

Mo sọ ìtàn Ogunsheye fún ìyá yẹn níṣojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ṣé òun náà dá wà ní Yaba ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọdún méjì gbáko.