Ọnàbámirò, sòbìà àti ẹjọ́ Awólọ́wọ̀

Àwọn àgbà ló máa ń pa á lówe pé bí sòbìà bá ń degbò, olúgànbe là á ké sí. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń pa òwe náà lónìí kò rí sòbìà rí, wọn kò sì mọ ewé olúgànbe. Àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún mọ̀ ọ́n. A mọ aládùúgbò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó dùbúlẹ̀ sí yàrá lásìkò tó yẹ kó wà lóko, tí aràn funfun kan bí òwú ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti ojú egbò, tí wọ́n ń fi igi tín-ín-rín ká a lójoojúmọ́ kí ó má baà já. Bí ó bá já sínú ẹran ara, ìyà mìíràn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí sòbìà ṣe ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 2013, àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ yìí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti jáde, orúkọ Jimmy Carter ará Amẹ́ríkà àti ti Ọ̀gágun Yakubu Gowon la máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí kì í jáde níbẹ̀, tó jẹ́ pé ibòmíràn pátápátá la ti máa ń dá a, tí a kì í sì í dá a sí rere. Orúkọ náà ni Dókítà Ṣànyà Ọnàbámirò, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè.

Kí Ọnàbámirò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn òyìnbó ti mọ̀ pé inú omi mímu ni sòbìà ti ń wọ ara ènìyàn. Fedchenko, ará Rọ́ṣíà, ti rí i ní nǹkan bí ọdún 1870 pé kòkòrò omi tíntìntín kan tí wọ́n ń pè ní Cyclops ló ń gbé ọmọ aràn náà mì. Leiper, ará Gẹ̀ẹ́sì, sì ṣiṣẹ́ lé e lórí ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àmọ́ Cyclops kì í ṣe ẹyọ kan. Oríṣiríṣi wọn ló wà nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí. Èwo nínú wọn ló ń ṣe é nílẹ̀ Yorùbá?

Ìbéèrè yìí ni Ọnàbámirò gbé lọ sí etí omi. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìlú Òyìnbó, ó sì padà wá ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí kò tíì pé ọdún mélòó kan tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1948. Abúlé kan ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ló fi ṣe ibi ìwádìí. Ní 1951, ó tẹ èsì rẹ̀ jáde pé Thermocyclops nigerianus ni arúfin náà.

Ẹni tí kò mọ oko lè bi wá pé kí ni orúkọ kòkòrò yóò ṣe fún àgbẹ̀. Bí a bá mọ irú èyí tó ń gbé aràn, a ó mọ omi tó fẹ́ràn àti àsìkò tó ń pọ̀ níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀gọ̀dọ̀ bá fà, kòkòrò inú rẹ̀ a ki pọ̀, àwọn obìnrin a sì máa fi igbá ha ìyókù omi náà fún mímu. Aràn tí ènìyàn bá mu lọ́dún yìí, ó tó nǹkan bí ọdún kan kó tó yọ. Àsìkò tí oko ń pe ènìyàn gan-an ló sábà máa ń yọ. Ní 1987, ìwádìí tí UNICEF ṣe láàrin àwọn àgbẹ̀ onírẹsì lápá ìlà-oòrùn gúúsù orílẹ̀-èdè yìí fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là ni sòbìà ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún. Láti 1988 sí 1989 tí wọ́n ka àwọn aláìsàn káàkiri Nàìjíríà, wọ́n lé ní 650,000.

Kì í ṣe inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni ọkùnrin yìí ń kọ̀wé sí. Ní 1949 ó tẹ Why Our Children Die jáde, lórí ohun tó ń pa ọmọ ọwọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1953 ó tún gbé Food and Health jáde, fún àwọn tó kàwé níwọ̀nba.

Ẹ̀yìn náà ni òṣèlú dé. Ó wọ ẹgbẹ́ Action Group, ó sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fọ́ sí méjì ní 1962, tí ìjọba àpapọ̀ gbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀, Ọnàbámirò dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ìjọba. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1963, Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ́ rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Láti ọjọ́ yẹn, lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá, Ọnàbámirò di ẹni tó jẹ́rìí pa ọ̀gá rẹ̀.

N kò wá gbèjà ohun tó sọ níwájú adájọ́. Ìran tó rí ìyà ọdún wọ̀nyẹn ní ẹ̀tọ́ sí ìbínú wọn. Ohun tí mo ń bá ara wa wí lé lórí, àwa akọ̀ròyìn ni mo sì kọ́kọ́ ń nà ní pàṣán rẹ̀, ni pé a fi ọjọ́ díẹ̀ tó lò nílé ẹjọ́ nu gbogbo ọdún tó lò létí ọ̀gọ̀dọ̀ nù. Nígbà tí mo wà nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, bí orúkọ rẹ̀ bá wọ inú àròkọ wa, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni. N kò rántí ìgbà kan ṣoṣo tí a kọ sòbìà mọ́ ọn.

Àwọn mìíràn ní yunifásítì wa gbé iṣẹ́ náà síwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Luke Edúngbọlá ti Yunifásítì Ìlọrin rìn káàkiri àwọn abúlé Asà ní Kwara. Àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn dé Ìdèrè ní Ìbàràpá, níbi tí àwọn aránṣọ ìlú ti ń rán asẹ́ aláṣọ ọ̀rá tí a fi ń sẹ́ omi kí kòkòrò náà má baà kọjá. Gowon, tó tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní 1966, ló tún padà wá láti 1999 tó ń lọ láti abúlé dé abúlé nítorí sòbìà kan náà.

Nínú omi adúláwọ̀, kòkòrò tíntìntín mìíràn wà tí àwọn onímọ̀ sọ ní orúkọ ọmọ Àgọ́-Ìwòyè náà: Tropocyclops onabamiroi.