Ẹrù, Ọ̀nà àti Oyè Òkè-Òkun

Nínú àwọn oyè tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń lọ gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóde òní, kò sí èyí tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì sí etí àwọn àgbà tó Logistics and Supply Chain Management. Orúkọ náà gùn, ṣùgbọ́n ohun tí ó dúró fún kò ṣòro: bí ẹrù yóò ṣe kúrò níbi tí a ti ṣe é dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó, ní àsìkò tí ó yẹ, láìfi owó ṣòfò.

Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ yunifásítì, ìmọ̀ yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1992 ni Martin Christopher, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cranfield, tẹ ìwé rẹ̀ tí ó so orúkọ méjèèjì pọ̀ jáde. Ní 1998 ni MIT ní Amẹ́ríkà dá oyè kejì sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ológun ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, wọ́n fi ń ṣètò oúnjẹ àti ohun ìjà. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti ogun, àwa náà ní ìtàn.

Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn ránṣẹ́ lọ ra ohun ìjà ní Àjàṣẹ́. Èyí bí Ẹ̀gbá nínú, wọ́n sì ti ọ̀nà pa. Nígbà tí Èkìtìparapọ̀ dìde lọ́dún kejì, ogun méjì ni Ìbàdàn ń jà: ọ̀kan ní iwájú, ọ̀kan lójú ọ̀nà òkun. Àwọn jagunjagun Ìbàdàn kò kéré, kò sì sí ẹni tí ó lè pè wọ́n ní ojo. Ẹ̀tù àti iyọ̀ ni kò tó. Ọ̀nà Oǹdó, tí Gómìnà Glover ti là ní 1872, ni wọ́n ń fojú sí, ọ̀nà jíjìn nínú igbó. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó, ní tiwọn, ń fi ìbọn òyìnbó tuntun, èyí tí a ń ki láti ẹ̀yìn, ránṣẹ́ sílé. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà. Àgọ́ kò tú ká pátápátá títí di 1893. Àwọn òpìtàn wa a máa to orúkọ àwọn balógun lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ alárù tí ó ru kẹ́ẹ̀gì ẹ̀tù gba inú igbó kọjá kì í sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èjìká rẹ̀ ni ogun náà dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí 1975. Owó epo ti dé, ìjọba ológun fẹ́ kọ́ bárékè. Wọ́n bá oníṣòwò 68 ṣe àdéhùn 109, fún sìmẹ́ńtì tí ó lé ní mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù. Èbúté Apapa kò lè já ẹrù tó bẹ́ẹ̀ láàárín àkókò tí wọ́n dá. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tò sí ẹnu òkun Èkó. Nítorí pé ọkọ̀ tí ó bá dúró ju ọjọ́ rẹ̀ lọ ń gba owó ìdúró, dídúró mówó wọlé fún ẹlòmíràn ju jíjá ẹrù lọ! Ìjọba Gowon ṣubú ní oṣù Keje. Ìjọba tí ó tẹ̀lé e kọ̀ láti gba sìmẹ́ńtì náà, àwọn oníṣòwò sì gbé Nàìjíríà lọ sílé ẹjọ́ ní London àti New York. Ní 1977 ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island.

Ọdún kan péré ni oyè yìí sábà máa ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù Kìíní 2024, ẹni tí ó bá lọ gbà á níbẹ̀ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Náírà tí ó já wálẹ̀ láti 2023 sì ti mú kí àwọn òbí máa ta ilẹ̀ nítorí owó ilé-ìwé. N kò bá ẹni tí ó lọ wí. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé bí ó bá kan ìwé àpilẹ̀kọ, èbúté Rotterdam ni wọ́n ń sáré sí, nítorí pé ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ pọ̀ sí. Ta ni yóò kọ nípa tòmátì tí ó ń ti òkè ọya bọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, tí ó ń rà kí ó tó dé Mile 12? Àwọn ìyálọ́jà mọ awakọ̀ tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé àti òru tí ó yẹ kí ọkọ̀ gbéra. Ìmọ̀ wọn yẹ ní ohun tí à ń fi oyè dá lọ́lá.

Mo máa ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún pé kí wọ́n kọ́kọ́ dé ibi ìkó-ìwé-ìtàn-pamọ́-sí ti ìjọba ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ ọ̀nà Oǹdó kí wọ́n tó wá físà. Méjì péré ni ó tíì lọ.