Oríkèé Àgbọ̀n

Oríkèé àgbọ̀n ni ibi tí egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ti so mọ́ orí, ọ̀kan níwájú etí ọ̀tún, ọ̀kan níwájú etí òsì. Bí a bá yọ àwọn egungun kéékèèké inú etí kúrò, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ nìkan ni egungun orí tó ń rìn.

Fi ìka síwájú ihò etí, kí o sì rọra la ẹnu. Kókó kan á kọ́kọ́ máa yí lábẹ́ ìka. Bí ẹnu bá ti ń là sí i, kókó náà á sún síwájú, ojú ibẹ̀ á sì jìn. Orí egungun àgbọ̀n nìyẹn. Inú kòtò kan lábẹ́ egungun ẹ̀bátí ló ń gbé, gegele kan sì wà níwájú kòtò náà. Ìlẹ̀kùn lè yí lára òpó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kúrò níbẹ̀ kó tún padà; àgbọ̀n ń ṣe méjèèjì, ìyẹn ló sì jẹ́ kí oríkèé yìí yàtọ̀.

Àwo pẹlẹbẹ kan tó yi, tó wà láàárín egungun méjèèjì, ló mú un ṣeé ṣe. Ó pín oríkèé sí yàrá méjì. Nínú ti ìsàlẹ̀ ni yíyí ti ń ṣẹlẹ̀, nínú ti òkè ni àwo àti orí egungun ti jọ ń yọ̀ lọ síwájú. Báyìí ni ẹnu àgbàlagbà ṣe ń là tó nǹkan bí 40 sí 50 mìlímítà láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí àwo náà bá yẹ̀ síwájú, orí egungun á máa fò lé e, a ó sì gbọ́ ìró “kọ́” létí. Bí kò bá sí ìrora, tí ẹnu sì ń là dáadáa, ìró yìí kì í sábà nílò ìtọ́jú.

Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ti ẹ̀bátí àti ọ̀kan nínú àgbọ̀n ló ń pa ẹnu dé; òmíràn ń fa àgbọ̀n síwájú. Ẹni tó ń fi eyín ọ̀tún rún àgbàdo sísun, orí egungun ọ̀tún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, ti òsì ló ń sún síwájú.

Nígbà míì, ènìyàn á yán, orí egungun á kọjá gegele, àwọn iṣan tó ń pa ẹnu dé á sì há a mọ́ ibẹ̀. Ẹnu ò ní padé mọ́. Dókítà á wé aṣọ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì, á gbé wọn lé eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, á tẹ àgbọ̀n sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni á tì í sẹ́yìn. Orúkọ Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà yìí. Títẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí ẹni tó bá kàn ń tì í sẹ́yìn, ara gegele ló ń tì í mọ́.