Derringer àti Ìbọn Ìléwọ́ Ọlọ́ta Kan ní Abidjan

Derringer ni orúkọ tí a ń pe irú ìbọn ìléwọ́ kan tó kéré gan-an, tó ń gba ọta kan tàbí méjì péré, tí ọ̀pá rẹ̀ sì kúrú débi pé àtẹ́lẹwọ́ tàbí àpò ẹ̀wù lè bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ Henry Deringer (1786–1868), alágbẹ̀dẹ ìbọn ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ni orúkọ náà ti wá. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe àfarawé iṣẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà "r" kejì wọ inú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1865, ọ̀kan nínú àwọn ìbọn Deringer ni John Wilkes Booth yìn lu Ààrẹ Abraham Lincoln lẹ́yìn orí nínú ilé eré Ford ní Washington. Ọta kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ààrẹ kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìbọn náà sì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilé eré ọ̀hún títí di òní.

Ilé iṣẹ́ Remington ṣe oríṣi tó ní ọ̀pá méjì, ọ̀kan lórí èkejì, láti ọdún 1866 títí di 1935. Láti àwọn ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Texas bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe derringer fún ọta ńlá, títí kan ọta .45-70 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń lò nínú ìbọn gígùn láti ọdún 1873. Ohun ìyàlẹ́nu àti ohun ìdárayá ni irú èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á. Ìbọn gígùn wúwo, èjìká ni a sì fi ń gbà á dúró. Derringer fúyẹ́, gbogbo ipá ẹ̀tù sì ń padà sí ọwọ́ ẹni tó yìn ín. Nítorí pé ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ọta ti jáde kí ẹ̀tù tó jó tán; ìyókù a wá jó ní òde, pẹ̀lú iná ńlá àti ariwo tó ń di ni létí. Ọwọ́ ríro ni olówó rẹ̀ ń rà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa fi í rẹ́rìn-ín.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìbọn kan wà tó jọ èyí ní gbogbo ọ̀nà, àfi nínú ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Òun ni ìbọn ìléwọ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ, tó ń gba kátíríìjì ọdẹ kan ṣoṣo. Ó ti di ohun tí àwọn ọlọ́pàá Abidjan, ìlú tó tóbi jù lọ ní Côte d'Ivoire, máa ń bá lọ́wọ́ àwọn adigunjalè. Ìtàn bó ṣe débẹ̀ kò ṣeé sọ láìkọ́kọ́ mẹ́nu kan ìbọn gígùn.

Ìbọn gígùn olókùúta ìṣáná, irú èyí tí Yorùbá ń pè ní ṣakabùlà, ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń kó wá sí etíkun bíi Grand-Bassam àti Assinie. Àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 ka títa ìbọn ìgbàlódé léèwọ̀ ní apá tó pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ṣakabùlà. Àwọn alágbẹ̀dẹ kò dúró de àṣẹ. Àwọn ti Samory Touré ń fi ọwọ́ ara wọn rọ àwòkọ ìbọn àwọn Faransé, títí ọwọ́ fi tẹ ọ̀gá wọn ní Guélémou, ní ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire òde òní, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1898. Nígbà tí Gabriel Angoulvant di gómìnà ní ọdún 1908, ó fi ogun tẹ àwọn Baoulé, àwọn Abbey àti àwọn mìíràn lórí ba. Àwọn Abbey ló kọlu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Abidjan lọ sí òkè ní oṣù Kìíní ọdún 1910. Ìlú tó bá túúbá gbọ́dọ̀ kó ìbọn rẹ̀ wá, kí ó sì san owó ìtanràn. Ìbọn tí wọ́n gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀ lé ní 100,000. Ìjọba Faransé kà á sí àṣeyọrí ńlá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbẹ̀dẹ kò sí lára ohun tí wọ́n kó lọ.

Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, ìbọn gígùn ṣì ní àyè tirẹ̀. Ọdẹ àti àgbẹ̀ nílò rẹ̀, àwọn dozo, ẹgbẹ́ ọdẹ ìhà àríwá, sì ń gbé e kọ́ èjìká ní gbangba. Ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ dozo di ẹni tí ń ṣọ́ ilé àti ilé ìtajà ní Abidjan, kí ìjọba tó ní kí wọ́n padà sí àríwá. Ìbọn ìléwọ́ kò ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹran tí ọdẹ ń fi í lé. Ènìyàn ni wọ́n ń nà án sí.

Síbẹ̀, àwòrán rẹ̀ ti wọ ìlú tipẹ́. Nínú Moi, un noir (1958), fíìmù tí Jean Rouch yà ní Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, ìlú tí ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò fi ṣe ilé kejì, àwọn ọ̀dọ́ tó wá wáṣẹ́ láti Niger sọ ara wọn ní Edward G. Robinson àti Eddie Constantine, àwọn òṣèré tó máa ń fa ìbọn yọ nínú sinimá. Iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ń ṣe. Orúkọ nìkan ni wọ́n yá.

Ogun ló yí nǹkan padà. Ọ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fòfin de kíkó ohun ìjà wọ orílẹ̀-èdè náà, wọn kò sì gbé òfin náà kúrò títí di oṣù Kẹrin ọdún 2016. Nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìdìbò ọdún 2010, nǹkan bí 3,000 ènìyàn kú, wọ́n sì kó ìbọn ní ilé ìkóhun-ìjà ìjọba ní Abidjan. Láti ọdún 2012 sí 2015, àjọ tó ń bójú tó ìgbòhunìjà-sílẹ̀ fún àwọn tó jagun tẹ́lẹ̀ ní iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́. Ìbọn ogun ni gbogbo ojú ń wò.

Ìbọn alágbẹ̀dẹ kò kọjá ní ibodè kankan tí òfin náà lè ti pa. Abúlé ni wọ́n ti ń rọ ọ́, tàbí kí ó ti Gánà wá, níbi tí iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Páìpù irin ni ọ̀pá rẹ̀, igi ni ìdí rẹ̀, irin pélébé kan ni yóò sì gbá ìdí kátíríìjì. Kátíríìjì ọdẹ ni wọ́n yàn nítorí pé a lè rí i rà, àti pé ọ̀pá tí inú rẹ̀ dán lásán ti tó fún un. Nípa bẹ́ẹ̀, àìní ti mú alágbẹ̀dẹ dé ibi tí eré ìdárayá mú àwọn ará Texas dé: ọta ńlá nínú ìbọn kékeré. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Texas máa ń dán irin rẹ̀ wò kí ó tó tà á. Páìpù lè bẹ́ mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n sì nà án sí kò ní mọ̀ bóyá yóò dún tàbí kò ní dún.

Òfin Côte d'Ivoire ti oṣù Kejìlá ọdún 1998 ń fi ìyà jẹ ẹni tó ní ìbọn láìgbàṣẹ. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja ní oṣù Kẹfà ọdún 2006 fi iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn àti ọta fúnra rẹ̀ sábẹ́ àmójútó. Ní ọdún 2009, Côte d'Ivoire dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn ohun ìjà kékeré. Ìṣòro tó ṣòro jù fún irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kátíríìjì. Èyí tí ọdẹ rà fún ẹran àti èyí tó wà nínú ìbọn ìléwọ́ ní Abobo tàbí Yopougon lè jáde láti inú páálí kan náà.